Ẹ̀rọ tí Mo Kọ́ láti Fìdí Rẹmi

Mo rántí ìgbà tí ariwo kásẹ́ẹ̀tì máa ń gba gbogbo ilé wa kan ní Òsi, ariwo kan tó ń han bí ẹni pé wọ́n ń fi ọbẹ họ ìdí ìkòkò. Ìyá mi á fi ọwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀, á ní orí ti fẹ́ fọ́ òun. Bàbá mi ní tirẹ̀ á fi ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù fún un fa àga rẹ̀ súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n, á sì máa dúró kí ariwo náà parí, nítorí ó mọ̀ pé bó bá ti parí, ayò yóò yọ lójú gíláàsì. Àárín àwọn ọdún 1980 ni. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà, n kò tíì lọ́kọ, mo sì ka ara mi sí ẹni tó gbọ́n jù ní gbogbo àdúgbò wa. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo rí.

Wolé-wolé ni bàbá mi kó tó fẹ̀yìn tì. Ó máa ń gun kẹ̀kẹ́ láti Òsi lọ sí Òkè-Òpin, lọ sí Ìdòfin, á máa yẹ àmù omi wò, á máa wo ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn. Ẹni tí tanwíjí bá wà nínú omi rẹ̀ á dé kóòtù, ẹ̀bẹ̀ kì í wọ̀ ọ́ létí. Ìyá ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò bọ́. Wọ́n ní ó kọ ìwé ìpẹ̀jọ́ fún màmá àgbà, nígbà tí ọjọ́ sì pé, ó gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sí kóòtù náà fúnra rẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà dun àna òun. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló dé, ó ní òfin ni òfin, àna ni àna. Ojúsàájú ni ohun tó kórìíra jù láyé. Èmi ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n bí fún un lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, nítorí náà "ìyá mi" ló ń pè mí, ṣùgbọ́n mi ò rí àǹfààní kankan nínú rẹ̀ ju orúkọ náà lọ. Bí mo bá gba márùn-ún nínú mẹ́wàá, márùn-ún náà ló máa kà síta fún àlejò.

Lábẹ́ igi odán tó wà níwájú ilé wa ni àwọn àgbà ti ń ta ayò. Bàbá mi ni ọ̀ta wọn, ẹni tí ayò rẹ̀ mú jù. Ẹni tó bá sì ti fìdí rẹmi, òpè lorúkọ rẹ̀ títí tí òun náà á fi jẹ. Eébú ni iyọ̀ ayò. Ọ̀ta á ní kí òpè lọ máa ṣa ẹ̀gúsí, pé ọmọ ayò kọ́ ni wọ́n dá ìka rẹ̀ fún. Òpè á máa rẹ́rìn-ín, kò gbọdọ̀ bínú, nítorí òun náà mọ̀ pé wọn kì í fi irú ẹnu bẹ́ẹ̀ bú ẹni tí wọn kò kà kún. Obìnrin kì í jókòó sídìí ọpọ́n yẹn. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń gbé omi lọ fún wọn láti kékeré, mo sì máa ń pẹ́ níbẹ̀ ju bó ti yẹ kí omi mú mi pẹ́ lọ. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ayò.

Lẹ́yìn náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú bàbá mi. Ọwọ́ ọ̀tún rọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́lẹ̀, ẹnu wọ́ díẹ̀. Dókítà ní ara ni òun rí, pé òun kò lè fi gbogbo ẹnu sọ bóyá àìsàn náà kan ọpọlọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo yìí ni bàbá mi gbé wálé. Bó bá pe ewúrẹ́ ní àgùntàn, á máa tún un pè lábẹ́lẹ̀ títí di alẹ́. Bó bá gbàgbé orúkọ ọmọ ìjọ kan, á bojú wo ilẹ̀. Kò bẹ̀rù ikú, ó máa ń fi ikú ṣẹ̀fẹ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí orí òun ti lọ, kí gbogbo èèyàn mọ̀, kí òun nìkan má mọ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé ọpọ́n wá bá a nínú ilé. Wọ́n ń bá a ta, ó sì ń jẹ wọ́n. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ní ọjọ́ kẹta, ó fi ọwọ́ òsì ti ọpọ́n náà sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ kó ọpọ́n yín relé. Mo ṣe àṣìṣe mẹ́ta, ẹnìkan ọ̀ bú mi. Ẹni tí ẹ bá ń káàánú, ẹ̀ẹ́ sọ pé ẹ̀ ń bá a tayò ni?" Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Láti ọjọ́ náà kò bá ẹnikẹ́ni ta mọ́.

Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi kọ̀ǹpútà kékeré kan ránṣẹ́ sí mi. Kò tóbi ju ìwé orin ìjọ méjì tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ. Bọ́tìnnì ló kún ojú rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n la máa ń so ó mọ́, inú kásẹ́ẹ̀tì tó ń pariwo yẹn sì ni ohun tí a bá kọ́ ọ ń gbé. Ìwé kan bá a wá tó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń kọ àṣẹ fún un. Ó gbà mí ní oṣù méjì gbáko, ṣùgbọ́n mo kọ́ ọ ní ayò. Mo kọ́ ọ kó máa wo ojú ayò mẹ́fà tó jẹ́ tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó ka iye ọmọ tí òun lè jẹ, kó ro ohun tí ẹnìkejì lè fi dá a lóhùn, kó tó ta. Bí mo bá ní kó ro ọ̀nà jíjìn, èèyàn lè jẹ odindi àgbàdo sísun kan tán kó tó ta ẹyọ kan. Bàbá mi á fi ẹnu pe ojú tó fẹ́ ta, èmi á tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ̀rọ bá sì jẹ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní kó kọ gàdàgbà sójú tẹlifíṣọ̀n: ÒPÈ!

Nígbà tí bàbá mi kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ yìí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ṣàìsàn, òun ni eébú àkọ́kọ́. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá mi, ẹ̀rọ ọ̀ lójú àánú. Bó bá jẹ mí, òpè ni mí. Bí mo bá jẹ ẹ́, orí mi pé nùhun." Mo gbọ́ ọ dáadáa. N kò lè sọ pé n kò gbọ́ ohun tó ń wá lọ́dọ̀ ẹ̀rọ náà.

Ẹ̀rọ jẹ ẹ́ nígbà mọ́kànlá léraléra. Odù ló fi ń jẹ ẹ́. Ẹni tó bá mọ ayò mọ odù: kí èèyàn máa kó ọmọ jọ sí ojú kan ṣoṣo, kó má fọwọ́ kàn án, títí tí yóò fi pọ̀ débi pé bó bá dà á, yóò yí ọpọ́n po, yóò tún padà wọ ilé ẹnìkejì, yóò sì kó o lọ ráúráú. Ẹni tó bá fẹ́ sá fún odù gbọ́dọ̀ kà á kó tó dé, kó mọ ibi tí ọmọ ìkẹyìn máa bọ́ sí. Kíkà gígùn yìí ni àìsàn bà jẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi. Á bẹ̀rẹ̀, á dé mẹ́sàn-án, ó ti sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní ìgbà kọkànlá, kò rẹ́rìn-ín sí ÒPÈ mọ́. Kò jẹ iyán rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ó ti lọ nìyẹn," ó sì kọjú sí ògiri.

Àánú ṣe mí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àánú ni, nítorí nǹkan míì yóò wọ inú rẹ̀ láìpẹ́. Nígbà tó ń sùn lọ́sàn-án, mo yọ odù kúrò nínú ohun tí ẹ̀rọ mọ̀. Mo pa àwọn àṣẹ tó ń jẹ́ kó kó ọmọ jọ, mo sì ní kó máa tètè ta ojú tó bá ti ń wú. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó pe ìyá mi láti ilé ìdáná pé kó wá wò ó, ó sì béèrè bóyá iyán ṣì kù.

Bí mo ṣe wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ti parọ́ lẹ́ẹ̀kan á máa tún un ṣe ni. Lákọ̀ọ́kọ́, mo ní kí ẹ̀rọ máa ṣi ayò ta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bàbá mi kíyè sí i, ó ní, "Ṣé ẹ̀rọ yí mutí ni?" Mo bá yí i padà: kó má ta èyí tó burú, kó ta èyí tó tẹ̀lé èyí tó dára jù. Ìyẹn kò hàn. Nígbà tí kò wá ro ọ̀nà jíjìn mọ́, ó ń yára dáhùn jù, mo bá kọ́ ọ kó máa dúró díẹ̀ lásán, kó dà bí ẹni tí àròjinlẹ̀ bá. Mo fi nọ́ńbà kan pamọ́ sínú rẹ̀, láti oókan dé ẹẹ́sàn-án: oókan ni òpè pátápátá, ẹẹ́sàn-án ni agbára rẹ̀ gan-an. Lójoojúmọ́ ni mo ń gbé nọ́ńbà yìí sókè, tí mo ń gbé e wálẹ̀, bí ẹni tó ń tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò, kí bàbá mi lè máa jẹ mẹ́ta kó sì máa pàdánù méjì. Mo rí i pé ẹni tó bá ń jẹ ní gbogbo ìgbà á fura, ẹni tó bá sì ń pàdánù ní gbogbo ìgbà á dìde. Mo mọ ìwọ̀n náà débi pé bí mo bá wo ojú bàbá mi nígbà tó bá jí, mo ti mọ nọ́ńbà tó bá ọjọ́ náà mu. Odù nìkan ni n kò dá padà rí, ní ẹẹ́sàn-án pàápàá.

Ara bàbá mi sì ń yá, kí n má parọ́ mọ́ ìyẹn. Ó ń jẹun, ó ń fi ọ̀pá rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá akọrin jà pé wọn kò gbé ohùn sókè tó. Àdúgbò ń pè mí ní ọmọ tó fi kọ̀ǹpútà wo bàbá rẹ̀ sàn. Ìyá Aládùúrà kan tilẹ̀ ní kí n gbé e wá kó wo orúnkún òun. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń ní ká má sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń fi orúkọ náà sùn, mo ń fi í jí. Ibẹ̀ ni àánú ti di nǹkan míì.

Ní ọjọ́ kan, bàbá mi ní kí n mú gègé àti ìwé. Ó ní kí n kọ̀wé sí ọ̀ta Ìlọ́fà. Oníṣòwò obì ni bàbá yìí, mùsùlùmí, ó máa ń na ọjà dé Ìlọrin. Òun àti bàbá mi ti ń bá ayò wọn bọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé òun ju ẹnìkejì lọ. Mo kọ ọ́ bó ṣe ń pè é: "Sọ fún un pé orí mi pé. Sọ fún un pé ẹ̀rọ ló jẹ́rìí sí i, kì í ṣe ènìyàn. Kó wá ní Sátidé." Ọwọ́ mi ló kọ lẹ́tà náà, ọwọ́ mi ló sì fún awakọ̀ tó gbé e lọ.

Láàárọ̀ Sátidé náà, mo gbìyànjú. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò wá ní ká sún un síwájú díẹ̀? Ẹ̀rọ àti èèyàn kì í ṣe ọ̀kan náà." Ó ń fi ọwọ́ òsì de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, kò jẹ́ kí n ran òun lọ́wọ́. Ó ní, "Ènìyàn ló ń parọ́, ìyá mi. Ẹ̀rọ ọ̀ parọ́." Ó kù díẹ̀ kí n sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, èmi kò ní jẹ́ ọmọ tó wo bàbá rẹ̀ sàn mọ́. Mo lọ wá àga síta fún àwọn àlejò.

Ìta kún lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ọ̀ta. Bàbá mi jẹ àkọ́kọ́, ó sì bú ọ̀ta Ìlọ́fà débi pé àwọn èèyàn di inú mú fún ẹ̀rín. Ní ìkejì, mo rí ojú ìkẹyìn nílé àlejò náà tó ń wú. Mẹ́jọ. Mọ́kànlá. Bàbá mi kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Fún oṣù márùn-ún, kò sí ẹni tó fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bà á lẹ́rù. Èmi ni mo kọ́ ọ pé ojú tó ń wú kì í ṣe nǹkan kan. Ó di mẹ́rìndínlógún. Ọ̀ta Ìlọ́fà kó o, ó dà á yí ọpọ́n ká, ó sì fi ẹyọ kan ṣoṣo kó ọmọ méjìlá nílé bàbá mi. "Òpè Òsi!" ló pariwo, "wolé-wolé tí ọ̀ yẹ ulé ara rẹ̀ wò!" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. Ní ìkẹta, odù tún kó o. Ọ̀ta Ìlọ́fà bú u, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ní ìkẹrin, odù ni. Kò bú u mọ́. Mo rí i tí bàbá mi gbé ojú sókè, tó ń wo ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń dúró de eébú. Ní ìkarùn-ún, tí odù tún kó o tán, ẹnìkan láàárín èrò ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá." Wọn kì í sọ pẹ̀lẹ́ nídìí ayò. Bàbá mi dìde, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò, ó sì wọlé.

Mo sin ọ̀ta Ìlọ́fà dé ìdí ọkọ̀. Ó dúró, ó wò mí, ó ní, "Ta ló ń bá bàbá rẹ ta láti ọjọ́ yìí?"

Mo ní, "Ẹ̀rọ ni, sà."

"Ẹ̀rọ ọ̀hún ọ̀ mọ odù?"

Mo di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú fún un. Ó mi orí. Ó ní, "Orí bàbá rẹ pé. Odù nìkan ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní ẹnìkan ń fi í já a láyà lójoojúmọ́ ni, ìbá ti rántí." Ó wọ ọkọ̀, kò sì sọ̀rọ̀ burúkú kankan sí mi. Ì bá sàn kó sọ ọ́.

Àgbà ní gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Fún ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ń gbé ìjẹ́wọ́ kiri nínú ilé, mo ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo ń gbé e padà. Bàbá mi kò béèrè kọ̀ǹpútà mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó pè mí. "Ìyá mi, gbé ọpọ́n wá. Ùwọ gan-an jókòó. Ènìyàn ni mo fẹ́ bá ta." N kò jókòó sídìí ọpọ́n rí láyé mi. Mo jókòó. A ń ta á jẹ́jẹ́, ó ń fi ọwọ́ òsì kó ọmọ, díẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀, mo ń bá a ṣà á. Láìmọ̀ ọ́n mọ̀, ojú kan nílé mi wú. Mo kà á: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo mọ ibi tó máa bọ́ sí. Mo wo àwọn ọmọ tó ń bọ́ lọ́wọ́ òsì rẹ̀, mo fi odù náà sílẹ̀, mo sì ta ojú míì tí kò jẹ nǹkan kan.

Bàbá mi kò ta. Ó fi ìka kan odù mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Ó dé mẹ́sàn-án, ó sọnù. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó kà á dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó fi ìka tọ ọ̀nà rẹ̀ yí ọpọ́n ká, ojú kan tẹ̀lé òmíràn, títí ó fi dé ilé tirẹ̀, kò ṣì í. Ó ní, "Ibí ló ti máa bọ́. Mẹ́sàn-án ni ì bá jẹ." Ó wá gbé ojú sókè wò mí, ó sì wò mí pẹ́. "Háà. Ùwọ ni mo ti ń bá ta."

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, odù, nọ́ńbà, dídúró lásán. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ẹ̀rọ ni mo bi léèrè bóyá orí mi pé. Ùwọ lo ń dá mi lóhùn." Ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù.

Ó lo ọdún méjì sí i. Kò bá mi jà, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Títí di òní, àdúgbò ṣì ń pè mí ní ọmọ tó wo bàbá rẹ̀ sàn. Bàbá mi máa ń súre fún mi láràárọ̀ ní ọdún méjèèjì yẹn. Òun ló fà mí lé ọkọ mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní, "Bàbá, ara yín mà yá lónìí," á ní ó dáa, á sì dúró kí n jáde kó tó bi ìyá mi pé báwo ni ara òun ṣe rí. Bí ìwé bá ti ilé ìwòsàn dé, èmi olùkọ́ wà nínú ilé, ọmọ aládùúgbò wa ló máa ń pè kó wá kà á fún òun.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Àwọn ọmọ ọmọ mi ń fi fóònù ṣe eré, mo sì rí i pé kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó máa ń bi wọ́n pé èwo ni wọ́n fẹ́, èyí tó rọrùn àbí èyí tó le. Wọ́n á yàn án fúnra wọn, kò sí ẹni tó ń fi í pamọ́ fún wọn. Mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀ nígbà tó bá dé ibi tí ó ti ń béèrè yẹn. Bàbá mi ì bá mú ẹẹ́sàn-án, tòun ti odù. Ì bá fìdí rẹmi, ì bá kọjú sí ògiri, ì bá tún padà wá lọ́jọ́ kejì wá ka odù náà dé mẹ́wàá, dé méjìlá.

Lọ́jọ́ tó kú, èmi ni mo jókòó sí ibi orí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ mi. Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fún aṣọ rẹ̀ tí a fọ̀. Bàbá mi la ojú, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó sì gbé orí rẹ̀ kọjá mi díẹ̀díẹ̀ títí ó fi rí ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi ni ó bi léèrè pé ṣé òun ń lọ.